Ẹni Tó Ń Béèrè Bí Ọ̀nà Ṣe Jìn Tó

14 oṣù Ọ̀pẹ, òṣùpá àrànmọ́jú Unduvap

Àkókò òkè ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ère Saman, òrìṣà tó ni òkè wa, gòkè láàárọ̀, òjò sì nà gbogbo wọn dé eegun, àtẹni tó gbé ère àtẹni tó ń fun fèrè. Èmi náà ti kó wọ inú ìsọ̀ tíì mi. Tapólì tí mo fi bo òrùlé ní èṣí ti ya, mo fi àpò ìyẹ̀fun dí i. Ìyẹ̀fun gbówó lórí, gáàsì gbówó lórí, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn tó ń gòkè lọ jọ́sìn pé tíì náà gbówó lórí, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe máa wojú yín bí ẹni wo olè.

Dingiri, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló bá mi ru àwọn ìkòkò wá. Nígbà tó ń gbálẹ̀, ó rí sálúbàtà Mutubanda lábẹ́ bẹ́ǹṣì, níbi tó bọ́ ọ sí kó tó fẹsẹ̀ lásán gun òkè lọ lọ́dún tó kọjá. Ó nawọ́ sí i.

"Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀," ni mo wí.

"Menike, ọdún ń yí po. Tó bá di òṣùpá Navam, ó yẹ ká pe àwọn mọ́ǹkì tẹ́ḿpìlì, ká fún wọn lóúnjẹ, ká fi èrè oore náà ta á lọ́rẹ."

"Ta la fẹ́ ta lọ́rẹ?"

"Àbúrò mi ni. Ọkọ ẹ."

"Ṣé ẹ ti rí òkú rẹ̀ ni?"

 Ó gbá ìgbálẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Bí wọ́n bá ti da omi sínú ife níwájú mọ́ǹkì, tí wọ́n dárúkọ èèyàn, ó ti di òkú nìyẹn. N kò ní í da omi kankan.

17 oṣù Ọ̀pẹ

Òjò látàárọ̀. Mo mu tíì ju èyí tí mo tà lọ. Kalu, ajá wa, sùn lé sálúbàtà náà lórí.

22 oṣù Ọ̀pẹ

Àwọn obìnrin kan láti ìlú Kurunegala sọ̀ kalẹ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń ti ara wọn wọ inú ìsọ̀ débi pé tíì dà sí wọn láṣọ funfun. Mo bi wọ́n pé kí ló dé.

"Ohùn ọkùnrin ni, ìyá," ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn wí. "Nínú kùrukùru, ní kọ́nà òkè yẹn, níbi tí omi ti ń kán lára àpáta."

"Kí ni ohùn náà sọ?"

Ó wẹ̀yìn kó tó sọ ọ́. "Ó ní, 'Ó ṣì jìnnà?'"

 Ta ló ń béèrè bẹ́ẹ̀ lórí òkè yìí? Ọmọ tí wọ́n pọ̀n gòkè pàápàá mọ̀ pé èèwọ̀ ni. A kì í béèrè iye tó kù, a kì í sọ iye tó kù, a kì í sì í ní ó rẹ̀ wá. Bí aláìmọ̀kan bá béèrè, "Karunawai" la fi ń dá a lóhùn, kí àánú máa bá ọ lọ, a ó sì kọjá.

"Kí lẹ wá ṣe?"

"A kí i ní Karunawai, a sì fi eré sí i! Kò parí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ tá a fi lọ."

Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo gbọ́ tí ọ̀kan ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọkọ obìnrin yìí ló sọnù sórí òkè ní èṣí. Ṣé wọ́n rò pé mo dití ni?

Ìyá Mutubanda ló gbé e gòkè nígbà tí kò tíì lè rìn, kò sì pa ọdún kankan jẹ látìgbà náà. Iye ìgbà tí èèyàn bá ti gòkè ni yóò lu agogo tó wà lókè téńté, apá sì máa ń ro ọkọ mi kó tó lu tirẹ̀ tán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò máa béèrè bí ọ̀nà ṣe jìn tó? Iwin ẹlòmíì ni wọ́n gbọ́. Kì í ṣe tèmi.

2 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ajá, mo lọ sí kọ́nà náà fúnra mi nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀, n kò rí irin tí wọ́n fi ṣe ọgbà ọ̀nà àfi ìgbà tí mo dì í mú. Àwọn labalábá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n a fò wá láti ibi gbogbo wá kú sórí òkè yìí, òkú wọn wà lórí òkúta, ìyẹ́ wọn ti rin. Mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Omi ń kán. Ewé ń mì. N kò gbọ́ ohùn kankan.

Mo pe orúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́.

Gbogbo ayé ló ń gbọ́ ohùn yìí àfi èmi. Bó bá jẹ́ òun ni, kí ló ṣe tí kò bá mi sọ̀rọ̀? Bí kì í bá sì ṣe òun, kí ni mo wá ń sunkún sí lójú ọ̀nà bí ọmọdé?

13 oṣù Ṣẹ́rẹ́, òṣùpá Duruthu

Èrò kún ọ̀nà látòwúrọ̀, rótì, àkàrà ìyẹ̀fun tí mo ń tà, tán kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n bó ṣe di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń bọ̀ láti òkè ń sáré kọjá níwájú mi bí ẹni pé èmi gan-an ni iwin. Ọmọbìnrin kan dákú sí kọ́nà. Aládùn, obìnrin tó ń ta àádùn lókè ìsọ̀ mi, sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi.

"Menike, àwa náà ń jẹun lójú ọ̀nà yìí o. Fi èrè ta ọkọ ẹ lọ́rẹ, kó lè máa lọ ní àlàáfíà."

"Tìrẹ dà? Lọ fi ta ọkọ tìrẹ lọ́rẹ."

"Tèmi ò kú."

"Tèmi náà ò kú!"

Ó wò mí, ó mi orí, ó lọ. Mo mọ̀ pé mo ti pariwo jù.

19 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Òní yàtọ̀. Ará Japan kan wọlé wá, obìnrin, ẹgbẹ́ mi tàbí kó jù mí lọ díẹ̀, irun gígẹ̀, fìlà, báńdéèjì ní orúnkún méjèèjì. Eṣúṣú so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí yẹtí, kò mọ̀. Ó tẹríba fún mi, ó tẹríba fún àwọn aláàárù, ó tẹríba fún Kalu. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé pélébé kan tí wọ́n fi ń kọ́ èdè wa, ó fìka tọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó kà á sókè ketekete:

"Ó ṣì jìnnà?"

 Ife bọ́ lọ́wọ́ Sirisoma, ọ̀kan nínú àwọn aláàárù tó ń ru ìyẹ̀fun àti gáàsì lọ sókè. Ìgbà tí a rí i pé àlejò ni, gbogbo wa ké lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Karunawai!"

Obìnrin náà ronú díẹ̀. "Karunawai kan jẹ́ kìlómítà mélòó?"

Ẹ̀rín pa wá! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì mú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ara mi. Sirisoma nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń ṣa àfọ́kù ife nílẹ̀.

Mo fi iyọ̀ yọ eṣúṣú kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo sì ṣàlàyé fún un pé èèwọ̀ ni, a kì í béèrè.

"Tí èèyàn bá sọnù ńkọ́?" ni ó bi mí.

 Mo fi rótì kún tirẹ̀.

Hisae ni orúkọ rẹ̀. Ó sọ pé nígbà tí òun fẹ̀yìn tì, òun bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí tẹ́ḿpìlì orí òkè káàkiri ayé, kí àwọn ọmọ òun má baà sọ òun di olùtọ́jú ọmọ.

21 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Hisae tún dé. Ibi ìsọ̀ mi yìí ni orúnkún rẹ̀ ń gbé e dé, á sì padà lọ sí ilé àlejò rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè. Ó ní bí orúnkún òun bá ti gbà, òun á dé téńté. Ó bá mi bó àlùbọ́sà. Mo fún un ní àgbọn tí mo gún mọ́ ata, ó fi gbogbo ẹnu jẹ ẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò.

"Menike, o fẹ́ pa mí."

"Ata kì í pa ẹgbẹ́ mi. Jẹ ẹ́."

Ó tẹ̀ ba láti nu ojú, ó rí sálúbàtà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. "Ti ta lèyí?"

"Ti ọkọ mi."

"Ó dà?"

"Ó gòkè lọ."

Ó mi orí bí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán. "Á jẹ́ pé ó máa tó dé."

Láti èṣí, kò sẹ́ni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Àwọn èèyàn mi a máa rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n a máa wò mí bí ẹni wo ọlọ́fọ̀. Obìnrin tí kò gbọ́ èdè wa dáadáa ló sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

24 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Òjò lé gbogbo èèyàn kúrò lójú ọ̀nà. Sirisoma wọlé wá ní ọ̀sán gangan, ó jókòó, kò béèrè tíì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tó pa mí."

Mo jókòó.

"Lọ́jọ́ yẹn, mo ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú àgbá gáàsì. Kùrukùru dí gan-an. Mo pàdé ọkọ yín ní kọ́nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú. Ó ní, 'Siri, ó ṣì jìnnà?'"

"Ọkọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Èèyàn tó mọ òkè yìí bí ẹni mọ ẹnu! Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, 'Karunawai, ẹ̀gbọ́n,' mo kọjá lọ."

"Kí ló tún sọ?"

"Ó ń sọ̀rọ̀ lọ lẹ́yìn mi. Mi ò dúró gbọ́. Ẹrù wúwo, òjò ń bọ̀." Ó fi aṣọ nu imú rẹ̀. "Ìgbà tí wọ́n ní wọn ò rí i ni mo tó rántí ojú ẹ̀. Ojú ẹ̀ ò dúró sójú kan. Ara rẹ̀ ò yá, ẹ̀gbọ́n. Orí ń yí i."

Omi gbígbóná wà lórí iná. Mo ronú àtidà á sí i lára, kí n má fi bò. Mo po tíì dípò ìyẹn, mo gbé e ka iwájú rẹ̀, mo sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kí ni mo fẹ́ bá a wí? Ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ló ṣe, òun náà ni ìyá mi kọ́ èmi. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ẹrù lórí, n bá kí i bẹ́ẹ̀, n bá kọjá bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ọkọ mi béèrè.

Á jẹ́ pé òun ló wà ní kọ́nà. Òun ni, láti èṣí, tó ń bi ẹni gbogbo léèrè, tí gbogbo wa ń kí i ní Karunawai tí a sì ń sá fún un. Ó ti kú. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. N kò tíì lè fi ẹnu sọ ọ́.

27 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ nígbà tí Hisae kọjá, ọ̀pá lọ́wọ́. Ó ké láti ojú ọ̀nà pé, "Karunawai, Menike! Lónìí, dé téńté!" Mo fún un ní rótì méjì, mo ní kó tètè padà kí kùrukùru tó wálẹ̀. Mo fẹ́ kìlọ̀ fún un nípa kọ́nà. N kò mọ bí a ti ń kìlọ̀ fún èèyàn nípa ọkọ ẹni.

Nígbà tó di ọ̀sán, ìjì jà, iná lọ, gbogbo gílóòbù ojú ọ̀nà kú. Kùrukùru wálẹ̀ bí ẹni tú òwú. Ó di ìrọ̀lẹ́, Hisae kò dé. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ṣé mo tún fẹ́ jókòó sí ìsọ̀ yìí kí òkè gbé ẹlòmíì mì? Mo tan àtùpà, mo gbé e kọ́ síta lórí òpó, ibi tí n kò gbé àtùpà kọ́ sí rí, mo sì ń wá aṣọ òjò mi kí n lè lọ wá a.

Ìgbà náà ni Kalu dìde lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Kò gbó. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ju ìrù, gbogbo ìdí rẹ̀ ń mì bó ṣe máa ń mì nígbà tó bá jẹ́ ọmọlẹ́bí ló dé. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan. Afẹ́fẹ́ tútù kan wọlé, ó kọjá lára mi. Mo fọwọ́ di ẹnu ara mi.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Hisae tó yọ, ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ó rin gbingbin, inú rẹ̀ ń dùn. Ó na ìka kan sókè. "Mo lu agogo! Ẹ̀ẹ̀kan!" Lẹ́yìn náà ó wò yíká inú ìsọ̀. "Ó dà?"

"Ta ni?"

"Ọkùnrin náà. Iwájú mi ló wà. Ó ti wọlé síbí."

Mo ní kó jókòó. Mo ní kó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ní ibi tí omi ń kán. Ó di irin mú. Kò wọ bàtà. Ó bi mí, ó ní, 'Ó ṣì jìnnà?' Mo gbọ́ ọ yékéyéké, ó wà nínú ìwé mi. Mo rántí pé ẹ ní èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò dáa, Menike. Mo dúró. Ó wá parí rẹ̀. Ó ní, 'Ó ṣì jìnnà sí ìsọ̀ Menike?'"

"Kí lo wá wí fún un?"

"Mo ní, 'Kò jìnnà. Wo iná. Ibẹ̀ yẹn ni.' Mo fi ọ̀pá júwe iná ẹ fún un. Ó wò ó. Ó pẹ́ tó fi wò ó. Ó ní, 'Karunawai,' ó sì ṣáájú mi. Ó yára! Ẹsẹ̀ lásán, ó yára." Ó wojú mi. "Ṣé mo ṣe ohun tí kò dáa?"

Mo dì mọ́ ọn. Omi ara aṣọ rẹ̀ rin mí dé inú. Mo sunkún sí i léjìká bí n kò ti sunkún láti èṣí, kò sì béèrè nǹkan kan, ó ń gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

28 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Sálúbàtà kò sí lábẹ́ bẹ́ǹṣì mọ́. Mo wo ẹ̀yìn àpò ìyẹ̀fun, mo wo ìta, mo bi Hisae, tó sùn sọ́dọ̀ mi, kò fọwọ́ kàn án. Kalu sùn sí ibi tí sálúbàtà wà tẹ́lẹ̀, ó sì ń hanrun.

Ó dé ilé. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Ká ní ó dúró mu tíì ni.

12 oṣù Èrèlé, òṣùpá Navam

Mo fi wàrà àgbọn se ìrẹsì, mo se ẹ̀fọ́ oríṣìíríṣìí, ata inú rẹ̀ kò pọ̀ nítorí àwọn mọ́ǹkì. Dingiri wọ funfun. Hisae náà wọ funfun, ó yá a lọ́wọ́ mi, ó kúrú fún un.

Nígbà tó kan omi, Dingiri gbé ìkòkò fún mi kí àwa méjèèjì jọ dì í mú. Mo wẹ̀yìn. Sirisoma jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, ó dorí kodò bí ẹni tó wá jẹ́jọ́.

"Siri, dìde. Wá bá wa di ìkòkò mú."

"Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́."

"Mo ní kó o wá. Ṣé o fẹ́ kí mọ́ǹkì máa dúró dè ọ́ ni?"

Àwa mẹ́ta la da omi náà. Ó kún ife, ó ń ṣàn sínú àwo. Mọ́ǹkì ní kí a dárúkọ ẹni tí èrè náà jẹ́ tirẹ̀. Dingiri wojú mi. Mo ní, "Mutubanda, ọkọ mi, tó kú." Sirisoma ń da omi lọ títí ó fi ta sí gbogbo wa lára.

15 oṣù Èrèlé

Hisae lọ. Ó fi ìwé èdè rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, bí ẹni pé èmi ni n kò gbọ́ èdè mi. Ilé dákẹ́.

13 oṣù Ẹrẹ̀nà, òṣùpá Medin

Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan ní kọ́nà mọ́. Ìyẹ̀fun tún gbówó lórí.

Mo máa ń tan àtùpà síta ní ìrọ̀lẹ́, iná wà o, iná ò wà o. Aládùn sọ pé mo ń fi kẹrosíìnì ṣòfò.

12 oṣù Ẹ̀bìbí, òṣùpá Vesak

Àkókò òkè parí. Ọ̀la la ó gbé ère sọ̀ kalẹ̀. Mo ń ká tapólì nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan yọ láti ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Fóònù rẹ̀ ló kọ́ ọ ní èdè wa. Ó bi gbogbo wa tó wà níbẹ̀:

"Ó ṣì jìnnà?"

Aládùn ti la ẹnu, Karunawai ti dé etí ètè rẹ̀. Mo ṣáájú rẹ̀.

"Ó kù díẹ̀. Ibi tó ga gan-an ló kù. Bó o bá rìn jẹ́jẹ́, wàá débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú."

"Menike!" Aládùn dìde dúró. "Èèwọ̀! Lọ́jọ́ mímọ́ Vesak!"

"Bí Saman bá fẹ́ bi mí, ó mọ ìsọ̀ mi."

 Sirisoma ń bọ̀ láti òkè nígbà náà, ó ti ru ẹrù ìkẹyìn rẹ̀ tán, ilé ló ń lọ. Ó dúró. Ó wo òyìnbó náà, ó wò mí, ó sì wo kùrukùru tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ sórí kọ́nà. Ó sọ òṣùká rẹ̀ sílẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì mi.

"Ẹ bá mi tọ́jú èyí, ẹ̀gbọ́n," ló wí, ó sì bá ọmọ náà gòkè padà.